Ó Ku Ọjọ́ Mẹ́ta

Màmá ti da èèrí ògì sínú bàsíà tó ti jó nídìí, òórùn kíkan rẹ̀ sì ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Kì í pè wọ́n. Á kàn fi ìka gbá etí bàsíà lẹ́ẹ̀mẹta, kò, kò, kò, àwọn pẹ́pẹ́yẹ á sì máa bọ̀ láti abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa mi ìdí sọ́tùn-ún sósì. Wọn kì í ké. Èémí ni wọ́n ń mí jáde, hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, bí àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé. Èmi á dúró sẹ́yìn Màmá, màá di ìró rẹ̀ mú gírígírí, torí akọ wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni.

Aládùúgbò wa ni Màmá, ní Ìyìn-Èkìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé rẹ̀ ni mo ń gbé ju ilé wa lọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Opó ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì ti kú kí n tó gbọ́njú. Ọmọ yẹn ló ra akọ kan àti abo kan wá fún un nígbà tó kọ́kọ́ ríṣẹ́. Gbogbo pẹ́pẹ́yẹ inú ọgbà náà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn méjì yẹn ni. "Bí mo bá ṣì ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn," Màmá máa ń wí, "n kò tíì dá wà."

Kàlẹ́ńdà kan wà ní pálọ̀ rẹ̀ tí ọdún rẹ̀ ti lọ tipẹ́, àmọ́ ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti ní kó yọ ọ́? Oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní pẹ́pẹ́yẹ tirẹ̀. Lọ́sàn-án, tó bá ti jẹun tán, á ní kí n máa ṣí i. "Eléyìí tí orí rẹ̀ dà bí ewé yìí, òun ló pọ̀ jù nílẹ̀ òyìnbó. Tí yìnyín bá ti ń dé, ó ń fò lọ síbi tí oòrùn wà nìyẹn. Eléyìí, ará Ṣáínà ni, wo aṣọ ọrùn rẹ̀, àfi bí ẹni ń lọ ṣe ìdúpẹ́. Eléyìí, òkun tútù ló ń gbé. Ìyẹ́ àyà ara rẹ̀ ló ń já tẹ́ sábẹ́ ẹyin." Ti oṣù Kejìlá ni ọlọ́rùn gígùn, funfun báláú lójú omi. Màmá ní ìbátan pẹ́pẹ́yẹ ni, ó ní dúdú rẹ̀ wà ní Ọsirélíà. Ó ní takọtabo wọn kì í sábà fi ara wọn sílẹ̀ títí ikú, bí ọ̀kan bá sì kú, èkejì lè pẹ́ kó tó fẹ́ òmíràn. "Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fẹ́ mọ́," ló fi kún un.

Mo bi í pé èwo wá ni tiwa. Ó rẹ́rìn-ín. "Tiwa kẹ̀? Olójú pupa tó ń lé ọ kiri yìí? Àlejò ni jàre. Ọ̀nà Bìràsíìlì ni wọ́n ti kó ìran rẹ̀ wá. Tiwa gan-an ń bẹ lódò, ó ń súfèé, kì í gbé ilé ènìyàn."

Gbogbo ayé ni Màmá fi kọ́ mi. Ohun kan péré ni kò sọ.

Lọ́dún kan, àrùn wọ inú àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà. Wọ́n kú tán, akọ ló kú kẹ́yìn, ó ku abo kan ṣoṣo. Abo yẹn yé ẹyin méje, kò sì tíì sàba tí ọ̀kadà fi tẹ̀ ẹ́ pa lẹ́nu géètì. Màmá kò sunkún. Ó di àwọn ẹyin náà sínú gèlè, ó gbé wọn wá bá ìyá mi. "Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní adìyẹ yín tó ń sàba yẹn. Ohun tó kù mí kù lọ́wọ́ ọmọ mi nìyí." Ìyá mi yá a. Adìyẹ sì gbà, ó jókòó lé wọn nínú apẹ̀rẹ̀ ní kíṣìnnì Màmá, èmi ni mo ń fún un lómi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ìkankan ò là. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé. Ta ni kò mọ̀ pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ni adìyẹ fi ń pamọ? Pẹ́pẹ́yẹ ní tirẹ̀, inú igbó ló ń sá sí, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń kó ọmọ jáde, ẹnikẹ́ni kì í bá a ka ọjọ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. "Adìyẹ mi ti gbẹ bíi panla. Ọ̀bu ni gbogbo ẹyin yẹn." Màmá á ní, "Ẹ ní sùúrù, ìyàwó. Pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe adìyẹ." A rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Ìgbà tó yá, àbúrò Màmá ń ṣàìsàn ní Ìgbẹ́mọ, Màmá sì lọ sùn tì í. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ mi. "Má jẹ́ kí omi tán níwájú adìyẹ o."

Bí a ti ń dá ẹyin ọ̀bu mọ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé ká gbé e sétí, ká mì í. Bó bá dún, ó ti bàjẹ́. Mo sì ti gbọ́ pé bí ọ̀bu bá bẹ́ lábẹ́ adìyẹ, á ba ìyókù jẹ́. Mo ní kí n yọ èyí tí kò dára kúrò, kí Màmá lè bá èyí tó dára nílé. Mo gbé èkíní sétí, mo mì í. Nǹkan mì nínú rẹ̀. Èkejì náà mì. Gbogbo méjèèje! Àánú Màmá ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo kó wọn lọ sí ààtàn, mo di imú, mo yíjú sẹ́yìn, mo ń sọ wọ́n mọ́ òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò rùn. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró, olórí kunkun. Èkeje ló ké.

Nígbà tí Màmá dé, mo ti kúnlẹ̀ kó tó sọ báàgì kalẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi dé ààtàn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n, ó fi ìka ka ọjọ́. "Ó ku ọjọ́ mẹ́ta," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ti pẹ́pẹ́yẹ." Ìyá mi ti ń mú pàṣán bọ̀, Màmá ló dí i lọ́nà. "Ẹ má nà án. Èmi tí mo kọ́ ọmọ yìí ní ti Ṣáínà, n kò kọ́ ọ ní tilé."

Lẹ́yìn náà ló wọlé. Yorùbá inú ìwé ló máa ń bá wa sọ, àmọ́ èdè Ìyìn ni mo gbọ́ láti kíṣìnnì lọ́jọ́ yẹn. "Ulé mi dá o. Ulé mi dá páropáro."

Kò sin pẹ́pẹ́yẹ mọ́. Láàárọ̀ mìíràn, màá gbọ́ tó ń gbá etí bàsíà, kò, kò, kò, kò sì sí ẹsẹ̀ kankan tó ń bọ̀. Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ló mú un lọ.

Adó ni mo ń gbé báyìí. Kàlẹ́ńdà náà wà lọ́wọ́ mi, àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ìbá ti sun ún. Tíṣà lèmi náà. Ọmọ tó bá wọ kíláàsì mi, kó sin pẹ́pẹ́yẹ, kó má sin ín, á gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni. Wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ra ẹyin ní àdúgbò Fájuyì, obìnrin tó ń tà á mú ọ̀kan, ó gbé e sétí láti fi hàn mí pé kò bàjẹ́. N kò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mì í."

"Àǹtí, ẹyin àgíríìkì ni o. Kò sí ọmọ nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀," ni mo wí. Ṣùgbọ́n n kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi dá ẹyin náà padà sáàyè rẹ̀.