Máàkì Kékeré, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ńlá, àti Ẹja Ìyá Mi

Ní gbogbo Bàrígà, láti etí ọ̀sà títí dé Onípánù, ẹ fi ọmọkùnrin kan hàn mí tó lè wa ọkọ̀ ojú omi bíi tèmi, tó lè sáré bíi tèmi, tó lẹ́nu bíi tèmi. Kò sí! Sọ́ọ̀mù, ìṣirò yẹn, nìkan ni mi ò lè ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ sọ́ọ̀mù yẹn.

Mo ti ka Sítáńdáàdì Síìsì tán, mo ń bá bàbá mi lọ sójú omi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹja ò bá mi lára mu. Ká ju àwọ̀n, ká máa dúró. Èmi, kí n máa dúró? Ni mo bá lọ ṣe ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá kan l'Ékòó, ibi tí àwọn ọmọ lọ́yà àti ọmọ dókítà ń lọ. Èmi àti Ràṣídì la jọ lọ. Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá Ràṣídì, wọ́n ń ránṣọ ní Ṣómólú. Àtikékeré la ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà.

Nígbà tí máàkì jáde, ti Ràṣídì ju tèmi lọ dáadáa. Tèmi ò tiẹ̀ dé ibi tí wọ́n fa ìlà sí! Àmọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn máa ń pe àwọn tó kù díẹ̀ káàtó náà wá fún ìntáfíù, kí wọ́n lè fojú rí wọn. Wọ́n pe àwa méjèèjì. Mo ní, ó parí! Ṣebí ẹnu náà ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ ìntáfíù, bí mo ṣe fẹ́ jáde, màámi gbé òbòkún yíyan ńlá kan lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti fi ewé wé e, wọ́n fi okùn dì í. Wọ́n ní kí n gbé e fún pírínsípà.

Mo ní, "Màámi, òyìnbó ni o!"

Wọ́n ní ṣé òyìnbó kì í jẹun ni? Wọ́n ní ọmọ tí àwọn bí kò ní lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo. Ṣé ẹ lè bá ìyá Ìlàjẹ jiyàn lórí ẹja? Mo gbé e.

Nínú bọ́lẹ̀kájà tí a wọ̀ ní Onípánù, gbogbo imú ló yí sọ́dọ̀ mi. Obìnrin kan ní, "Ọmọ yìí, ṣé iléèwé lò ń lọ àbí ọjà?" Ràṣídì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bíi pé kò mọ̀ mí rí. Ọ̀dàlẹ̀!

Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé. Kò pẹ́ tó fi jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní òyìnbó bi òun ní ìbéèrè, òun mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ohùn òun ò jáde. Ọmọ tó máa ń ṣe sọ́ọ̀mù bí ẹní mumi!

Ó kàn mí. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo gbé ẹja lé orí tábìlì.

Háà! Ojú òyìnbó yí padà. Ó wo máàkì mi, ó wo ẹja, ó tún wo máàkì. Ó bi mí pé ṣé torí máàkì mi kéré ni mo ṣe gbé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wá? Ó ní kí n gbé e, kí n máa lọ sílé.

Ṣùgbọ́n mo ní, láéláé! Mi ò ní jáde níbí bí olè. Tíṣà Yorùbá kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n máa bẹ̀bẹ̀. Mi ò bẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi ń tàsé, mo ń lé e lọ. Mo ní ìyá mi ò mọ̀ pé máàkì mi kéré, mi ò sọ fún wọn. Mo ní ẹja ìkíni nìyí, ká ní gbogbo máàkì ni mo gbà, wọ́n á ṣì gbé e fún mi. Mo ní tí ẹ bá máa lé mi, ẹ lé mi nítorí sọ́ọ̀mù, ẹ má lé mi nítorí ìyá mi! Ẹ gbà mí fún táàmù kan péré. Tí mo bá fìdí rẹmi, èmi fúnra mi ni màá bọ́ yúnífọ́ọ̀mù yín sílẹ̀.

Tíṣà yẹn wá sọ fún un pé òótọ́ ni, ìyá òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Òyìnbó ti ẹja padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní ó dáa, táàmù kan. Ṣùgbọ́n ẹja á padà sílé.

Mo fò délé! Bí màámi ṣe rí ẹja lọ́wọ́ mi, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n bú sẹ́kún. "Wọ́n dá a padà! Wọ́n ti kọ ọmọ mi!"

Mo ní, "Màámi, wọ́n gbà mí!"

Wọ́n ní irọ́ ni, ta ló ń gba ọmọ tó ń kọ ẹja rẹ̀? Ìgbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n nu ojú, wọ́n gbé ẹja náà kọ́ sókè ààrò. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Wọ́n ní tí mo bá yege ní ìparí táàmù, àwọn fúnra àwọn máa gbé e lọ fún òyìnbó yẹn, ká wá wò ó bóyá á tún pè é ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé wàhálà ti tán? Gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Fẹja-wọlé! Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ti Ràṣídì ló dùn mí jù. Wọn ò mú un. Ó wá bá mi létí omi, ó ní, "Máàkì mi ju tìẹ lọ. O mọ̀."

Mo ní mo mọ̀. Mo rò pé ó máa gbá mi létí ni.

Ó ní, "Gbé ìwé sọ́ọ̀mù ẹ wá. Tí ìwọ náà bá lọ fìdí rẹmi níbẹ̀, á jẹ́ pé èmi ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì."

Látìgbà náà, tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀, á wá kọ́ mi. Kò láàánú! "Olórí òbòkún, ṣé bí ẹ ṣe ń ka ẹja nílé yín nìyẹn?" Tó bá kọ́ mi tán, èmi náà á gbé e sínú ọkọ̀, a ó wà á jìnnà sórí ọ̀sà, màá ní kó dìde dúró kó máa pariwo ìdáhùn sí mi lédè Gẹ̀ẹ́sì. Torí ó ń padà lọ ṣe ìntáfíù yẹn lọ́dún tó ń bọ̀, ohùn ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde!

Nǹkan tí mo rí kọ́ ni pé wíwọlé kọ́ niṣẹ́. Kí wọ́n má lé èèyàn jáde, iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fojú kéré nítorí máàkì, kí lẹ ṣe? Ẹ sọ tiyín, mo fẹ́ gbọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọgbọ́n ìdá inú sọ́ọ̀mù, ìdajì àti ìdá mẹ́rin, torí ìdá yẹn...

Ó tó! Ràṣídì ti ń súfèé níta, ẹja yẹn náà ń wò mí látòkè ààrò. Mò ń lọ.