Bí Mo Ṣe Ṣe Ògbufọ̀ fún Ọ̀gá Ẹ̀bùn

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ẹ̀san kan fún yín. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti gbà á, ní Odigbo, lójú pásítọ̀, pósí ọ̀rẹ́ mi sì wà níwájú wa. Ẹ má tíì bínú sí mi o. Ẹ gbọ́ ọ tán ná!

Ẹ̀bùn lorúkọ ọ̀rẹ́ mi. Dókítà Ẹ̀bùn, olùkọ́ yunifásítì. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà; òun ń gbapò kìíní, èmi ń sín olùkọ́ jẹ. Nígbà tó dàgbà, èdè Ìkálẹ̀ wa ló yàn láàyò. Á gbé rẹ́kọ́dà, á gun ọ̀kadà lọ sí Ago Alaye àti Araromi-Obu, á máa gba ohùn àwọn àgbàlagbà sínú kásẹ́ẹ̀tì: bí wọ́n ṣe ń kí aboyún, bí wọ́n ṣe ń bú ọ̀lẹ, gbogbo rẹ̀. Páálí ńlá kan ló kún.

Ayé ológun nìyẹn o. SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, ti sọ owó oṣù olùkọ́ di owó gaàrí. Àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, Ẹ̀bùn sì wà lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sókè. Ta ló fi orúkọ rẹ̀ lé àwọn ṣọ́jà lọ́wọ́? Ọ̀gá rẹ̀, pròfẹ́sọ̀ tó jókòó ní ọ́fíìsì tó kángun sí tirẹ̀! Ṣọ́jà tó wá mú un ló sọ fún un. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n da ẹrù rẹ̀ síta. Ó gbé ikọ́ àtìmọ́lé wá sílé ìyá rẹ̀, ikọ́ náà ló sì pa á.

Ọ̀gá ńkọ́? Ìjọba ológun fi í ṣe kọmíṣọ́nnà.

Ṣé ẹ rò pé kò ní wá síbi ìsìnkú? Ó wá! Jíìpù ìjọba ló gbé e wá. Àwa tó ti Ore wá, torí kò sí epo, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kan la ti fún mọ́ra bí àpò kòkó.

Èmi ni Ẹ̀bùn sọ ọ́ fún; kò sọ fún ìyá rẹ̀ rí pé ẹni báyìí ló fi òun sùn. Ìyá rò pé olóore ọmọ òun ni. Ọkùnrin náà ti ránṣẹ́ sí i pé kó fún òun ní kásẹ́ẹ̀tì, kí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ má baà ṣègbé. Mo wolẹ̀ báyìí, páálí Ẹ̀bùn rèé lẹ́sẹ̀ Ìyá, wọ́n ti fi okùn dì í! Ó ti múra láti gbé e fún Ọ̀gá.

Ọ̀gá dìde. Ọmọ Yorùbá ni o, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ará Ìkálẹ̀, àmọ́ Òyìnbó ló fẹ́ sọ, torí pròfẹ́sọ̀ kì í sunkún lédè ìyá rẹ̀. Pásítọ̀ béèrè ògbufọ̀. Mo ti dé iwájú kó tó pa ẹnu dé.

Ó ní bí ọmọ inú òun ni Ẹ̀bùn rí. Mo fi Ìkálẹ̀ ìyá àgbà mi sáré túmọ̀ rẹ̀ (Yorùbá gbogbo wa ni mo fi ń kọ ọ́ fún yín): “Ó ní òun lòun fi orúkọ ọmọ yín sílẹ̀ fún àwọn tó wá gbé e.”

Igbe ta! Ọ̀gá rò pé ìfẹ́ ni. Ó yọ áńkáṣíìfù.

Ó ní òun dúró tì í nígbà ìṣòro. Mo ní: “Ó ní òun dúró, òun ń wò, nígbà tí wọ́n ń da ẹrù rẹ̀ síta.”

Ó ní òun yóò parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní: “Páálí yẹn ló wá gbé. Orúkọ ara rẹ̀ ló máa kọ sí i.”

Ṣé kò gbọ́ Ìkálẹ̀ ni? Kò gbọ́ o! Ṣùgbọ́n òun ló kọ ìwé lórí Ìkálẹ̀, ìwé tí Ẹ̀bùn ṣe gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe wá bi mí pé kí ni mo wí? Ṣe ló ń mi orí: “Kọ́rẹ́ẹ̀tì! Kọ́rẹ́ẹ̀tì!”

Ìyá dìde. Ó fi Ìkálẹ̀ bi í bóyá lóòótọ́ ló ṣe gbogbo nǹkan wọ̀nyí.

Ọ̀gá gbé ọwọ́ láyà. “Bẹ́ẹ̀ ni, màámi. Tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi ṣe é.”

Ìyá kò sunkún. Ó jókòó lé páálí náà, ó sì fi Ìkálẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: “Tún ohun tí mo ń sọ yìí sọ fún mi, kí n dìde, kí o máa gbé e lọ.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba. “Ẹ ṣé gan-an ni, màámi.” Ó na ọwọ́ méjèèjì.

Ẹ̀rín sọ láàárín ẹkún. Ìyá kan tó ń dáko ẹ̀gẹ́ pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Tíṣà Ìkálẹ̀, dá a lóhùn o!” Ọkùnrin náà ṣì nawọ́ síbẹ̀ títí pásítọ̀ fi dárin. Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Bí ẹni tó ṣe yín níbi bá jẹ́ agbéraga, ẹ má dí i lọ́wọ́. Pásítọ̀ ní kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọ̀gá. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe òótọ́ hàn mí nínú ohun tí mo sọ. A ṣì wà lórí ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló wá sunkún irọ́ lórí òkú èèyàn yín, kí lẹ sì ṣe fún un? Ẹ sọ ọ́ síbí ká gbọ́. Èdè ilé yín ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́ o!