Ọwọ́ Tí Fóònù Kò Rí

Ìyá mi kì í ṣe akọrin. Iṣẹ́ tí ó kọ́ ni iṣẹ́ ohùn: gbígba orin sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, àti títún un ṣe kí ohùn ẹnìkan má baà bo ti ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Pálọ̀ wa ní Ìgandò ni ó sọ di sítúdíò. Ó fi páálí ẹyin àti tìmùtìmù àtijọ́ bo ògiri rẹ̀, àlejò tí ó bá sì wá kí wa, nínú ilé ìdáná ni yóò jókòó. Ní ọjọ́ Àìkú, òun ni ó máa ń dúró ti míkísà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkọ̀tún, tí yóò máa fi ìka fa ohùn máìkì kọ̀ọ̀kan sókè àti sísàlẹ̀. Ìyá Ẹ̀rọ ni àwọn ọmọ ìjọ ń pè é. N kò rántí pé máìkì hu mọ́ wa létí rí nígbà tí ó wà níbẹ̀.

Ibi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin ni èrò tuntun náà ti wá. Ọ̀pọ̀ àwọn akọrin wa ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù, ọ̀nà sì jìn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé, ìdánrawò á ti parí, olùdarí á sì máa pa fèrèsé dé. Ìyá mi wo èyí títí, ó sì pinnu pé òun yóò ṣe orin tí yóò máa bá wọn rìn. Ó gba ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tírẹ́bù, áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì, ó fi ìlù kan tí kì í yí padà sábẹ́ wọn, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ètò kan tí ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Ẹni tí ó bá ń kọ áltò yóò tẹ áltò, yóò ki íápíìsì bọ etí, yóò sì máa kọ́ orin rẹ̀ nínú ọkọ̀ títí yóò fi sọ̀ ní Ìkọ̀tún. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ bí a ti ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nígbàkígbà tí wọ́n bá mú iná wá.

Nítorí iṣẹ́ yìí ni ó ṣe fi míkísà sílẹ̀. Ó fẹ́ máa lo ọjọ́ Àìkú láti fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, nítorí náà ó sọ fún pásítọ̀ pé kí wọ́n fi ọ̀dọ́kùnrin kan rọ́pò òun. Pásítọ̀ gbà. Ó ní kí àwọn akọrin wa kọ́kọ́ lò ó fún ìkórè. Bí ó bá dára, gbogbo ẹ̀ka ìjọ wa ni yóò gbà á. Ìyá mi kò ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń retí mọ́.

Ó yẹ kí n sọ nípa olùdarí ẹgbẹ́ akọrin wa. Àgbàlagbà ni, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Bí orin bá dé ibi tí ó wọ̀ ọ́ lára, yóò na ọwọ́ òsì sókè, gbogbo akọrin yóò sì di ọ̀rọ̀ náà mú títí ọwọ́ yóò fi wálẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí yóò wálẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọn ìyá àgbà á ti máa nu ojú.

Ní ọjọ́ ìkórè, orin náà dùn ju bí mo ṣe gbọ́ ọ rí lọ. Tírẹ́bù kò já, tẹ́nọ̀ kò ṣìnà. Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ náà, "àánú," olùdarí na ọwọ́ sókè. Àwọn akọrin ń kọrin lọ, wọn kò dúró. Ìlù tí kì í yí padà ti wà nínú orí wọn láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tí ó gbójú sókè. Àwọn bàbá oníbáàsì nìkan ni wọn kò fi fóònù kọ́ orin, àwọn nìkan ni wọ́n sì dúró. Wọ́n di "àánú" mú gírígírí, àwọn yòókù sì ti lọ síwájú. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa.

"Ẹ wo ọwọ́ Bàbá," ni ìyá mi ń sọ lábẹ́ ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ wọn."

Lẹ́yìn ìsìn, olùdarí bá wa níta.

"Ìyá Ẹ̀rọ, o kú iṣẹ́. Ta ló darí orin òní?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi kọ́ o. Mo kàn nawọ́ bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró ní bọ́sìtọ́ọ̀pù Command ni. Mọ́tò ò sì dúró."

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ yín sínú ẹ̀."

"Nínú fóònù?"

"Ẹ wá sí sítúdíò, sà. Ọmọ mi á máa kọrin, ẹ máa darí ẹ̀. Ibi tó bá ti fa ọ̀rọ̀ gùn, màá fa gbogbo ohùn tó kù gùn bákan náà."

"Ibi tí mo dúró sí lónìí kọ́ ni màá dúró sí lọ́la."

"Ẹ ṣáà wá, sà."

Pásítọ̀ ní bí Bàbá bá ti lè fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá mi bẹ télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, pé kí ó bá wa pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, kí ariwo rẹ̀ má baà wọ inú orin. Iléyá ti sún mọ́lé, aṣọ oníbàárà sì kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, síbẹ̀ ó gbà. Ó ní òun yóò pa á láti ìgbà ìrun àílà títí òun yóò fi kí ìrun alásárì. A jókòó, a ń retí. Olùdarí kò dé àfi ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun alásárì náà gan-an, tí ẹrẹ̀ Ìgandò sì ti dé orúnkún ṣòkòtò rẹ̀.

Ó wo inú yàrá yíká. "Akọrin dà?"

"Ọmọ mi nìyí, sà."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú ń tì mí, mo sì ń kánjú. "Ẹ má sáré," ni ó sọ, bí ìgbà tí ó ń bá gbogbo ẹgbẹ́ akọrin wí. Nígbà tí mo dé "àánú," ó na ọwọ́, mo sì di ọ̀rọ̀ náà mú. Èémí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọwọ́ náà wálẹ̀. Abẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni jẹnẹrétọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi sáré jáde. Mo gbọ́ ohùn télọ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, àdéhùn wa ti pé. Aṣọ Iléyá ni, wọ́n á pa mí." Kò jẹ̀bi, ohun tí ó sì bí mi nínú jù nìyẹn. Ó tún pa á, ó fún wa ní àyè díẹ̀ sí i. A tún orin náà kọ. Olùdarí na ọwọ́, ó sì tètè gbé e wálẹ̀, bí ọmọ iléèwé tí ó fẹ́ parí iṣẹ́ àmúrelé.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́," ni ó wí.

"Ẹ tún un dán wò, sà."

"Mo ní kò sí níbẹ̀. Ìyá Ẹ̀rọ, ọwọ́ mi kì í ṣe bọ́tìnnì."

Ìyá mi gbìyànjú láti yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú èyí tí a kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Bí ó ṣe ń yọ ọ́ ni ó ń yọ díẹ̀ nínú ohùn mi mọ́ ọn, títí mo fi dà bí ẹni tí ń kọrin nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó fi èyí tí a tún kọ ránṣẹ́ sí olùdarí. Olùdarí gbọ́ ọ, ó sì sọ fún pásítọ̀ pé òun kò rí ọwọ́ òun níbẹ̀. Pásítọ̀ ní kí a ṣì ní sùúrù ná.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, èmi àti ìyá mi jókòó sáàárín ìjọ. Àwọn akọrin ti padà sí ìwé orin, tẹ́nọ̀ sì ti ṣìnà kí ẹsẹ kìíní tó parí. Nígbà tí olùdarí na ọwọ́, gbogbo wọn dúró. Nígbà náà ni máìkì hu. Ó hu fìì, ó sì gùn, ọ̀dọ́kùnrin tí ó wà nídìí míkísà ń tẹ èyí, ó ń tẹ ìyẹn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń wo ìyá mi. Kò dìde. Ìwé orin wà lórí itan rẹ̀, mo sì rí ìka rẹ̀ tí ó ń fa nǹkan wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí èèpo ẹ̀yìn ìwé náà.