Ẹ̀rọ Ìtúlẹ̀ Tó Kọ̀ Jálẹ̀ ní Inísà

Ìgbà mọ́kànlélógójì ni mo fa okùn ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé èmi a máa ka nǹkan. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lóko kan ní Inísà, mò ń wo koríko tó yẹ kí n ti tú tán kí oòrùn tó wọ̀.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe tèmi. Ti ìyá kan ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Èmi náà ń ṣe tísà ní Ìkìrun. Òun ló fi ọ̀nà iṣẹ́ hàn mí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Màámi ni mo sì ń pè é. Ilẹ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ ni ó ń dá. Olórí ẹbí ti wá sọ fún un pé àwọn ọmọ ẹbí ń wá ibi tí wọn yóò fi ọkọ́ lé, àwọn ò sì lè máa wo ilẹ̀ tó dùbúlẹ̀. Àwọn ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ibi tí àwọn bá ti rí i pé ó ti tú, kó máa lò ó lọ. Ibi tí àwọn bá bá koríko, àwọn yóò gbà á fún ẹlòmíràn. Pulọ́ọ̀tì mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀, kò sì ní òmíràn.

Àwa mẹ́ta là ń ṣe àáró nígbà náà: èmi, Màámi, àti káfíńtà kan tó jẹ́ ọmọ Inísà. Bí a bá ṣe oko ẹnì kan tán, a ó kọjá sí ti ẹnì kejì, ọjọ́ fún ọjọ́. Oko mi ní ọ̀nà Ìbà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi bá mi kọ ebè. Màámi, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, kọ ebè mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Lẹ́yìn náà ló kan òun. Ṣùgbọ́n mo ti ra ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ àlòkù kan láàárín kan, ara mi sì ti wà lọ́nà. Mo ní kí wọ́n jókòó, pé èmi nìkan ni n óò san àáró náà.

"Màámi, ẹ má fọwọ́ kan ọkọ́. Wákàtí mẹ́rin péré, ó ti parí."

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. "Tísà, ṣé ẹ̀rọ yín gbọ́ Yorùbá ṣá? Ilẹ̀ Inísà ò gbọ́ òyìnbó o."

"Wàá rí i," ni mo dá a lóhùn.

Mo ti fi oṣù mẹ́ta wo fídíò lórí fóònù nípa ẹ̀rọ yẹn. Mo mọ̀ pé ọ́ìlì inú rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ìgò mínírà oníke kan. Mo mọ̀ pé àlàfo orí pulọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo kò gbọdọ̀ pé mìlímítà kan. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀rọ yóò bá sinmi ju oṣù kan lọ, kí a fa bẹntiróòlù inú rẹ̀ kúrò, nítorí epo tó bá pẹ́ nínú kábúrétọ̀ a máa dì bí oje igi. Gbogbo èyí ni mo ṣe. Ìwé kékeré kan wà tí mo ń kọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mi ò rí mọ́tò tí yóò gbé e láti Ìkìrun, ni mo bá pe ọlọ́kadà. A tẹ́ ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sórí ìjókòó, láàárín èmi àti ọlọ́kadà, bí ìgbà tí èèyàn ń gbé ewúrẹ́ lọ sọ́jà, mo sì fi rọ́bà tayà dì í. Mo rántí láti ti táàpù epo rẹ̀ kí bẹntiróòlù má baà jò. Inú mi dùn gan-an pé mo rántí.

Nígbà tí mo ṣí táàpù epo, tí mo kọ́kọ́ fa okùn lóko, okùn ò wá rárá, ó dà bíi pé ẹnì kan di ìdí rẹ̀ mú nínú. Mo tún fà á, ó wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò dáhùn. Mo yọ pulọ́ọ̀gì, ó tutù rinrin. Mo ní epo ló pọ̀ jù. Mo nù ún gbẹ, mo fi í ti ara irin, mo fa okùn, iná aláwọ̀ búlúù fò lórí rẹ̀. Iná wà, epo wà. Mo dá a padà, mo fà á títí, kò jẹ́. Mo tú kábúrétọ̀ palẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan la ihò tín-ń-tín inú rẹ̀. Mo tò ó padà. Kò jẹ́ síbẹ̀.

Màámi gbé omi wá fún mi. "Ọmọ mi, ṣé kò ní dáa ká fi ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ ná?"

"Màámi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un lọ́jọ́ náà. Ká ní a ti mú ọkọ́ látàárọ̀, àwa mẹ́ta, à bá ti ṣe iṣẹ́ tó ṣeé fojú rí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí káfíńtà rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo dé oko láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màámi ti wà níbẹ̀, ó ń kọ ebè. Bó bá kọ méjì, á dìde, á fọwọ́ ti ìbàdí, á wo iwájú, á tún bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èyí gan-an ló sì bà mí lọ́kàn jẹ́ jù.

"Tísà, ẹ gbà lọ sí Òkukù," ló wí. "Mẹkáníìkì kan wà níbẹ̀ tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á mọ́."

Mo kó kábúrétọ̀ àti pulọ́ọ̀gì sínú ọ̀rá, mo gun ọ̀kadà. Mò ń gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Mo bá ọkùnrin náà lórí iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbúnwọ́. Kò tilẹ̀ wo kábúrétọ̀. Ó fi ìka méjì ra pulọ́ọ̀gì, ó gbé e sí imú.

"Ọ̀gá, ọ́ìlì nìyí, kì í ṣe bẹntiróòlù. Báwo lẹ ṣe gbé e dé oko?"

"Orí ọ̀kadà ni."

"Ó dúró ni, àbí ó sùn?"

"Ó sùn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé sípánà sílẹ̀. "Ẹ tẹ́ ẹ bí òkú, ẹ wá ń fi okùn jí i! Ọ́ìlì ikùn rẹ̀ ti ṣàn gòkè wọ ibi tí iná ti ń jó, ó ti bọ́ sínú fílítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, kí ẹ fa okùn títí yóò fi tutọ́ ọ́ìlì yẹn tán. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ fílítà, ẹ fún un gbẹ. Ẹ bu ọ́ìlì kún èyí tó kù. Bó bá rú èéfín, ẹ má sá."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Nínú gbogbo fídíò tí mo wò, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń ti ẹ̀rọ wọn jáde, tàbí kí wọ́n gbé e dúró sẹ́yìn mọ́tò. Kò sí ẹni tó gbé e sórí ọ̀kadà níbẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún mi.

Àsìkò ìrun Jímọ́ọ̀ ni mo jáde. Àwọn ọlọ́kadà ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, ọ̀kadà wọn tò sábẹ́ igi láìsí ẹnì kankan lórí wọn. Mi ò lè dúró. Mo fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Inísà, mò ń sáré, mò ń rìn, ọ̀rá ń lù mí lẹ́sẹ̀, kí ọlọ́kadà kan tó bá mi lọ́nà. Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tí mo dé oko.

Mo ṣe gbogbo ohun tí ó wí. Ọ́ìlì dúdú tú jáde láti ihò pulọ́ọ̀gì, ó bà mí láṣọ. Mo fọ fílítà lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọn ọ́ìlì, mo bù ú kún, mo tò ó. Nígbà tí mo fà á lẹ́ẹ̀kẹfà, ó ké. Èéfín funfun rú bo oko bíi pé igbó ń jó. Màámi ju ọkọ́ sílẹ̀, ó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè.

Mo tú u lọ. Gbòǹgbò ń dá mi dúró, koríko ń lọ́ mọ́ eyín ẹ̀rọ, mo ní láti máa pa ẹ̀rọ kí n fi ọ̀bẹ gé koríko kúrò, kí n tún tàn án. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí pulọ́ọ̀tì kejì ni, pẹ̀lú ebè tí àwọn méjèèjì fi ọwọ́ kọ. Mo kọjú ẹ̀rọ sí ẹ̀kẹta. Káfíńtà di ọwọ́ ẹ̀rọ náà mú.

"Ẹ ó gé ẹsẹ̀ yín. Ó tó."

Ní Sátidé, mi ò tí ì tan ẹ̀rọ, a ò sì tí ì kọ ebè mẹ́wàá sórí ẹ̀kẹta, tí àwọn ẹbí fi dé. Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n kó ọ̀pá pèrègún lọ́wọ́ tí wọn yóò fi pààlà. Olórí ẹbí rìn yí oko ká, kò yára.

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"A ti sọ̀rọ̀, àbí a ò sọ?"

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá."

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ilẹ̀ títú náà. "Bàbá, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo dá wọn dúró. Ẹ fún wọn di ọ̀la péré."

Ó wò mí, kò bínú. "Tísà, ìwọ lo ni àáró. Ìwọ kọ́ lo ni ilẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá gbẹ́ ihò pèrègún létí pulọ́ọ̀tì kejì. Màámi ò wò wọ́n. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú àgbàdo tó fẹ́ gbìn jáde, ó sì nàka sí igun kan.

"Ibẹ̀ yẹn ò jinlẹ̀ tó. Tan ẹ̀rọ rẹ."

Mo ṣí táàpù, mo fa ṣóòkù tó ń dín afẹ́fẹ́ kù, mo fa okùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó dáhùn. Mo wọ ilẹ̀ lọ, ariwo rẹ̀ bo ìró àdá àwọn ọkùnrin yẹn. Màámi ń tẹ̀ lé mi, ó ń ju àgbàdo sílẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó sì ń fẹsẹ̀ bo erùpẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dé etí pèrègún, mo yí ẹ̀rọ padà.