Ìbọn Tí Bàbá Ọdúntán Kò Tà

Ọkùnrin kan wa mọ́tò láti Iléṣà wá sí Ọ̀tan-Ilé lọ́jọ́ kan. Ó ní òun gbọ́ pé ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ Bàbá Ọdúntán, òun sì fẹ́ rà á. Bàbá gbé ìbọn jáde, ó fi aṣọ nù ún, ó sì díye lé e, iye gọbọi tí òun alára mọ̀ pé kò mọ́gbọ́n dání. Ó wá fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń retí kí àlejò figbe ta. Àlejò kò wí nǹkan kan. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Bàbá bá dìde, ó gba ìbọn rẹ̀ padà, ó gbé e wọ yàrá, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àwọn ará ilé bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹni tí kò bá ná ọjà, ọ̀kan nínú méjì ni. Olè ni, tàbí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo sì ti bi í, kò sẹ́ni tó kú nílé rẹ̀."

Bí wọ́n bá dárúkọ Bàbá Ọdúntán ní Ọ̀tan-Ilé lónìí, ìtàn yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Cecilia, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Ìbòkun, kì í lè bá wọn rẹ́rìn-ín dópin láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá náà. Omi ojú tirẹ̀ máa ń ṣáájú ẹ̀rín ni.

Kò sí ohun tí bàbá rẹ̀ kì í ná. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún un nígbà kan pé abẹ́rẹ́ mẹ́fà ni yóò gbà. Ó ní òun á gba méjì. Nọ́ọ̀sì ní wọn kì í ná abẹ́rẹ́. Ó ní kó sáà sọ jálẹ̀ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi fún un ní páràsítámọ̀ ṣe ènì.

Nígbà tó lọ fẹ́ Ẹ̀bùnọlá, ìyá Cecilia, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn àna ti gbọ́ irú ẹni tó jẹ́. Wọ́n fi owó orí síbi tó kéré gan-an, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ kan. Ọdúntán mirí, ó ní kò gbà. Wọ́n ní kí òun náà sọ tirẹ̀. Iye tó sọ jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n bèèrè. Ó ní wọn ò mọ iye ọmọ wọn. Ni ọjà bá yí padà: àwọn àna ń fà á wálẹ̀, ọkọ ìyàwó ń fà á sókè, títí oúnjẹ àlejò fi tutù. Títí tí Ẹ̀bùnọlá fi darúgbó, bí ọkọ rẹ̀ bá bí i nínú, ìtàn yìí ló máa ń rántí, inú rẹ̀ á sì rọ̀.

Ìgbà kan ṣoṣo ni Cecilia rí i tó ra ọjà láìná an. Ọjọ́ tí Ẹ̀bùnọlá kú ni. Káfíńtà sọ iye pósí, Bàbá sì kà á lé e lọ́wọ́. Ojú ti káfíńtà, torí ó ti bu owó lé e, ó rò pé Bàbá máa ná an. Ó ní, "Bàbá, ẹ ná an díẹ̀ kẹ̀." Bàbá ti jáde.

Nígbà tí àìsàn tirẹ̀ dé, ó bi dókítà pé ìgbà wo ló kù fún òun. Dókítà rọra ní bóyá ó máa lè rí ìgbà kòkó. Bàbá ní kò gbà, kó fi ọdún Kérésì kún un. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní òun fi kún un. Ṣùgbọ́n ikú ò mọ dúnàádúrà. Wọ́n ń sá kòkó lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá dákẹ́.

Ìbọn méjì ló fi sílẹ̀: ẹlẹ́nu méjì yẹn, tí òun náà jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀, àti ṣakabùlà kan. Àwọn ọlọ́pàá ní ìbọn kò gbọdọ̀ pẹ́ nílé nígbà tí ẹni tó ni ìwé àṣẹ ti kú. Silas, ẹ̀gbọ́n Cecilia, ti wá oníbàárà. Ọlágòkè ni, ará Ìbòkun kan tó ní ìwé àṣẹ ìbọn. Ó ní òun á san owó ewúrẹ́ méjì lórí àwọn méjèèjì. Silas gbà, ó ní irin àtijọ́ lásán ni, kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun Cecilia wọ egungun. Owó kọ́ ló ń dùn ún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnikẹ́ni ò rẹ́ Bàbá jẹ rí nígbà tí wọ́n lẹ́nu. Ṣé ìgbà tí wọn ò lè dáhùn mọ́ la máa jẹ́ kí wọ́n rẹ́ wọn jẹ?"  Silas ní kó lọ wá ẹni tó máa díye tó tọ́ lé wọn, òun á dá Ọlágòkè dúró títí di ọjà tó ń bọ̀.

Ẹnì kan ni Cecilia mọ̀. Sàláúdéènì ni, bàbá àgbàlagbà tó ń tún ìbọn ṣe ní Òṣogbo, tó fi ìwé àṣẹ ìjọba kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí Bàbá Ọdúntán bá ti ta kòkó tán, á gbé ẹlẹ́nu méjì lọ síbẹ̀ kí wọ́n fi epo sí i. Sàláúdéènì á ní òun fẹ́ rà á, ni wọ́n á bá bẹ̀rẹ̀. Bàbá á ní ìbọn òun ti fi ọdún kan dàgbà, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ lé. Sàláúdéènì á ní ìbọn kì í dàgbà, ṣe ló ń darúgbó, kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n á fi jẹun ọ̀sán. Bí àsìkò ìrun Alásárì bá tó, Sàláúdéènì á lọ kírun, Bàbá á bá a ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, bó bá sì dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé. Wọn kò fẹnu kò lórí ọjà náà rí.

Cecilia mú ìwé tí àwọn ọlọ́pàá kọ fún un dání, ó kó ìbọn méjèèjì lọ sí Òṣogbo. Sàláúdéènì ń fi ayùn ha irin lọ́wọ́. Aṣọ tí wọ́n fi wé ẹlẹ́nu méjì ló kọ́kọ́ rí, kò tiẹ̀ wo ojú ẹni tó gbé e. Ó gbé ohùn sókè sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ òṣómàáló, o pẹ́ lọ́dún yìí. Mi ò fi kọ́bọ̀ kún iye tí mo sọ lésìí o."

Ó dẹtí, ó ń retí èsì láti ìta.  Cecilia ní, "Èmi nìkan ni mo wá, Bàbá."

Ayùn dúró. Bàbá náà ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́run la ti wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó padà sí. Ó fa àpótí kan fún Cecilia kó jókòó, ó gbọ́ ohun tó bá wá, ó sì nawọ́ gba àwọn ìbọn.

Ó yẹ ṣakabùlà wò, ó díye lé e, ó ní ẹni tó bá san jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣìnáwó. Ó wá ṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì sí méjì láti oríkèé rẹ̀, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó pe Cecilia kó wá wo inú ẹnu òsì. Ìlà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀, bí ìgbà tí ìdí ìkòkò bá sán.

"Ẹni tó bá yìn ín, ojú ara rẹ̀ ló máa fọ́," ni Sàláúdéènì wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fi han bàbá rẹ."

"Bàbá mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin Iléṣà yẹn, bàbá rẹ sọ ọ́ fún mi. Ó ní ká ní ọkùnrin náà ná an ni, á bi òun pé kí ló ṣe é, òun á sì sọ. Ẹni tí kò bèèrè àlébù ọjà, ilé ló máa gbé e dé, á yìn ín."

Cecilia jókòó padà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rẹ́ bàbá rẹ̀ jẹ. Ọlágòkè ló fẹ́ fara gbá a, owó rẹ̀ á lọ, bóyá ojú rẹ̀ náà á lọ. Ó pe Silas lórí fóònù, ó ní kó má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn lórí ẹlẹ́nu méjì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí bàbá náà.

"Ẹ̀yin mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Kí wá lẹ ń ná láti ọjọ́ yìí?"

Sàláúdéènì ń fi àtàǹpàkò nu ara ìbọn. "Ọmọ mi, ká ní mo ti rà á, kí ni ì bá tún máa gbé bàbá rẹ wá sí Òṣogbo?"

Ó dìde, ó wọ inú lọ. Owó ló kó jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì iṣẹ́. Ó ní iye tí Ọdúntán pe ìbọn náà lésìí nìyẹn, ó pé. Òun á dí ẹnu rẹ̀ pa kí ẹnikẹ́ni má yìn ín mọ́, òun á sì gbé e kọ́ síbi tí òun á ti máa rí i. "Gbà á," ni ó wí.

Kò ná an. Cecilia wo owó náà, ó rántí káfíńtà onípósí, ó rántí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀: olè ni, tàbí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Sàláúdéènì kò jalè rí. Ẹkún tí Cecilia kò lè sun dáadáa lọ́jọ́ ìsìnkú, ibẹ̀ ló ti sun ún, bàbá náà kò sì ní kó dákẹ́.

Nígbà tó nujú tán, ó ti owó náà padà. Òun tí ojú máa ń tì bí bàbá rẹ̀ bá ń ná bàtà ilé ìwé, tó máa ń lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ìsọ̀, kò mọ ìgbà tó la ẹnu. Ó ní, "Kò gbà, Bàbá. Ó ti pọ̀jù. Irin tó sán ni. Ẹ yọ níbẹ̀."

Sàláúdéènì gbójú sókè. 

"Mi ò yọ kọ́bọ̀," ni ó wí.

"Ẹ máa yọ."

"Wọ́n bí ọ sínú ẹ̀ náà nìyẹn. Ó dáa, èló lo ní?"

Cecilia sọ tirẹ̀. Bàbá náà ní ó fẹ́ tàbùkù ọ̀rẹ́ òun. Cecilia fi díẹ̀ kún un, bàbá náà yọ díẹ̀, ó ní òun ò yọ mọ́, ó tún yọ. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì. Ó gbé kẹ́tùlù omi àlùwàlá, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn.

"Bá mi ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Má lọ o, a ò tíì parí."

Cecilia ní òun ò níí lọ. Ó fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ìbọn náà, ó sì jókòó tì í.