Ẹni tó ní ká fọ́ sọ́fúwíà wa tún dé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara ń fu mí sí ọkùnrin kan.

Ó máa ń kọ ìwé nípa microservices. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ló ní ká fọ́ sọ́fúwíà ńlá sí wẹ́wẹ́, kí apá kọ̀ọ̀kan máa dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọ́fíìsì wa, a fọ́ tiwa. Láàárọ̀ yìí, apá kan tún dákú, àwọn oníṣòwò tó ń lò ó ní ọjà Laranto ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi.

Ọ̀sán ni òǹkọ̀wé náà wá bá wa sọ̀rọ̀ ládùúgbò Hwolshe, ó gbé ìwé tuntun dání. Mo ṣí i. Ó ní ká kó gbogbo ẹ̀ padà sójú kan.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ká fọ́ ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Haba, àbúrò. Ìmọ̀ ń dàgbà."

"Sọ́fúwíà tiyín ńkọ́, ṣé ẹ fọ́ ọ?"

"Tèmi? Mi ò fọwọ́ kàn án."

Ó wá fa bírò yọ, ó ní orúkọ wo lòun máa kọ sínú ìwé mi.

Mo ti rà á o, ẹ má bú mi. Àmọ́ ẹni tó ta òòlù fún wa lánàá, tó ń ta sìmẹ́ńtì fún wa lónìí, ẹ̀yin rò pé ó wù ú kí ilé wa dúró?