Ẹran tí Fàtímọ̀ jẹ ní Ìjù

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Fàtímọ̀ Afọlábí fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìlédìí ọmọ lójú ọ̀nà Ìjù. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó mú Ràfíátù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wá sí Ọ̀tà, ó gba yàrá kan ní Ilo-Awela, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ìlédìí sínú ọ̀rá pẹ̀lú àwọn ọmọge tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di súpáfáísọ̀. Kì í rẹ ẹ́, kì í sì í gbà pé ó lè rẹ ẹlòmíràn.

Ogójì obìnrin ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá lọ sí ilé ìyàgbẹ́, Fàtímọ̀ á wo aago. Tó bá ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo orúkọ onítọ̀hún kí àwọn ọkùnrin tó ń kó ẹrù lè gbọ́. "Wọn ò gbà yín síṣẹ́ láti wá ṣu," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Kíkẹ́lọmọ, ọmọ Ìpetu, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún, wá bá a nídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mọ́mì, ẹ̀yìn ń dùn mí gan-an. Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀."

"Oyún kì í ṣe àìsàn," ni Fàtímọ̀ dá a lóhùn. "Èmi náà lóyún Ràfíátù, oko ni mo wà títí di ọjọ́ tí mo bí i. Padà síbi iṣẹ́ ẹ."

Ó tún wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀sán tó pọ́n. Nígbà tó máa fi di aago kan, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn dé gìgísẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ọjà. Kí ọkọ̀ náà tó jáde ní géètì, Fàtímọ̀ ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀.

Oyún náà bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Kíkẹ́lọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀. Fàtímọ̀ ò kí i kú ìrọ́jú. Ó ní kó lọ fi nǹkan bo irun rẹ̀, kí irun má baà bọ́ sínú ọjà.

Ohun tó ya gbogbo èèyàn lẹ́nu ni pé Kíkẹ́lọmọ wá sún mọ́ obìnrin yìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òun ló ń bá a gbé báàgì láti géètì. Òun ló ń bá a ra ẹ̀wà lọ́sàn-án. Fàtímọ̀ sọ fún Ràfíátù, tó ti wà nílé ọkọ ní Ìlọrin, lórí fóònù pé, "Ọmọ yẹn mọ̀wà hù. Ó ti yé e pé ire ẹ̀ ni mò ń wá."

Bí ọdún kan kọjá. Iṣẹ́ tí àwọn obìnrin Fàtímọ̀ ṣe lóṣù kan pọ̀ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, inú ọ̀gá àgbà, tó jẹ́ ará Ṣáínà, dùn. Ó ní kí Fàtímọ̀ mú èèyàn mẹ́ta, kí wọ́n lọ jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jẹ ìwọ̀n tí ikùn bá lè gbà láàárín wákàtí méjì. Ìta nìkan ni àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń wo àtùpà pupa tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Kíkẹ́lọmọ ni Fàtímọ̀ kọ́kọ́ mú. Ó mú Mùbárákà, tí wọ́n jọ máa ń kírun, ó sì mú Akíndé, tó ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù nínú ilé iṣẹ́.

Iná wà láàárín tábìlì, ìkòkò tó pín sí méjì sì wà lórí rẹ̀. Omi ọbẹ̀ pupa tó kún fún ata ń hó ní apá kan, funfun ń hó ní apá kejì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á lọ bu ohun tó bá wù ú níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí: ẹja, edé, olú, ewébẹ̀, àti ẹran tútù tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà tí wọ́n sì ká. Á wá fúnra rẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Kíkẹ́, ìwọ ni kó o bá mi bù ú wá," ni Fàtímọ̀ wí. "Mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ síwájú àwo wọ̀nyẹn. Màlúù nìkan o."

"Màlúù nìkan, mọ́mì."

Ooru ìkòkò náà mú wọn làágùn. Fàtímọ̀ tú ìbòrí rẹ̀ díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò rí rí. Kíkẹ́lọmọ ń bọ ẹran, ó ń kó o sínú àwo rẹ̀, ó ń sọ fún un pé kó fẹ́ ẹ kó tó jẹ ẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ Fàtímọ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó bu oúnjẹ fún un bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ọlọ́run á fún ìwọ náà lọ́mọ tó máa tọ́jú ẹ báyìí," ló wí.

Ọwọ́ Kíkẹ́lọmọ dúró lókè ìkòkò. "Àmín, ma," ló sọ, ó sì kó ẹran sí i.

Àwo márùn-ún ni Fàtímọ̀ jẹ. Mùbárákà ń jẹ ẹja àti ewébẹ̀, kò gbójú sókè. Akíndé ti gbé fóònù rẹ̀ ti abọ́ ata.

"Mọ́mì, ṣé ó dùn?"

"Ó dùn. Màlúù tiwọn rọ̀ ju tiwa lọ."

"Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni."

Fàtímọ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kíkẹ́lọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ó pe ọmọbìnrin tó ń gbé àwo, ó ní kó sọ ẹran tí òun ti ń bù láti ìgbà táwọn ti dé. Ọmọ náà wo fóònù, ó wo Fàtímọ̀. "Ẹlẹ́dẹ̀ ni, ma. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Fàtímọ̀ ki ìka bọ ọ̀nà ọ̀fun níbẹ̀, ó bì sórí aṣọ ara rẹ̀. Ẹ̀rín pa Akíndé débi tó fi ń lu tábìlì. Nígbà tí èémí obìnrin náà padà wálẹ̀, ó yíjú sí Mùbárákà.

"Ìwọ náà mọ̀?"

"Ọjọ́ tí bàbá mi kú, ẹ ní àfi kí n parí iṣẹ́ kí n tó lọ," ni Mùbárákà dáhùn. "Wọ́n ti sin wọ́n kí n tó délé."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ yín lọ́jọ́ tèmi," ni Kíkẹ́lọmọ wí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì dìde.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, fídíò tí Akíndé fi fóònù rẹ̀ ká sílẹ̀ ti wà lórí fóònù gbogbo òṣìṣẹ́. Bí Fàtímọ̀ bá ń kọjá, àwọn ọkùnrin á máa dún bí ẹlẹ́dẹ̀. Ó mú ẹjọ́ lọ bá ọ̀gá àgbà. Ọkùnrin náà ní kí ògbufọ̀ bi í bóyá ó ṣàìsàn. Fàtímọ̀ ní rárá. Ọ̀gá náà ní ṣé ẹran náà bàjẹ́ ni? Fàtímọ̀ ní kò bàjẹ́. Ọ̀gá náà ní kí kálukú padà sídìí ẹ̀rọ.

Àáfà tó wà ládùúgbò rẹ̀ sọ fún un pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tí kò mọ̀. Ó gbọ́, ó dúpẹ́, síbẹ̀ kò lè fi ẹran kankan sẹ́nu mọ́. Èyí tó dùn ún jù ni ti Ìlọrin. Fídíò náà dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ Ràfíátù nígbà tó ku díẹ̀ kí Ràfíátù bímọ. Ràfíátù pe ìyá rẹ̀.

"Ẹ má tíì wá, màmá. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹ wẹ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọlẹ̀ ná."

"Ìwọ náà ńkọ́, kí lo wí fún wọn?"

Ràfíátù ní ọkọ òun ń pe òun. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, ìyá àgbà ọmọ wà ní Ilo-Awela.

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń ta ọṣẹ àti omi tútù níwájú ilé. Mùbárákà nìkan ló wá tọrọ àforíjì. Òun ló sọ fún un pé Kíkẹ́lọmọ ti tún lóyún lẹ́yìn náà, àti pé ìyẹn náà ò dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fàtímọ̀ pàdé Kíkẹ́lọmọ ní Toll Gate, níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀. Kíkẹ́lọmọ tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ káàsán, mọ́mì. Ràfíátù ńkọ́?"

"Ó ti bímọ. Ọkùnrin ni." Fàtímọ̀ ò sọ pé òun ò tíì fojú kan ọmọ náà. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ ẹ ti kan ọmọ?"

Kíkẹ́lọmọ wo ilẹ̀. "Rárá, ma."

"Kò ní kan án," ni Fàtímọ̀ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

Ọkọ̀ dé, Fàtímọ̀ wọlé, ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Àyè kan ṣì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ̀ndọ́ ń pe èrò. Kíkẹ́lọmọ ò wọ̀ ọ́.